Ta Ni Kò Tíì Jókòó Nínú Ilé Yín?

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 18:13-27; Òwe 31:10-31

Kí ẹ tó máa ka ìwé yìí lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo yàrá tí ẹ wà. Ẹ ka àwọn tó jókòó síbi àdúrà. Ṣé gbogbo ará ilé ló pé? Ta ni kò sí níbẹ̀? Bóyá ìyá ilé ni, tó ń ro ògì lórí iná, tó ń ti ilé ìdáná ṣe "Àmín." Bóyá ọmọbìnrin kékeré kan ni, tí wọ́n ti rán lọ sí kànga láti aago márùn-ún kí èrò tó pọ̀. Bó bá wà nítòsí, ẹ pè é wọlé ná. A lè dúró dè é. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ọ̀pọ̀ ìgbà la ti gbọ́ ìwàásù pé Ọlọ́run wa jẹ́ Ọlọ́run ètò, àti pé ilé onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ wà létòlétò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà béèrè: ètò yẹn, orí ta ló wà? Ẹ lè wọ ilé kan, kí ẹ bá ilẹ̀ ní gbígbá, kí abọ́ ti di fífọ̀, kí wọ́n ti lọ yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ sílẹ̀, kí gbogbo nǹkan máa dán. Ẹ ó yin ilé náà. Ẹ kò mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń sùn ní aago méjìlá òru, tó sì ń jí ní aago mẹ́rin, kí ilé náà lè rí bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ ilé náà létò? Ní tèmi, kò létò. Ìdàrúdàpọ̀ tó yẹ kí ẹ rí nílẹ̀ ti kó wọ inú ara ẹni yẹn lọ. Ẹ ó rí i níbi ẹ̀yìn tó ń ro ó, níbi orí fífọ́ tí kò lọ, níbi ohùn líle tó fi ń dá ọmọ lóhùn lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan bí àpẹẹrẹ ní Ìkún-Àkókó níbí, ilé tó jọ ti ọ̀pọ̀ nínú wa. Bàbá ń dáko: kòkó díẹ̀, iṣu, ẹ̀gẹ́. Ìyá ń tajà, ó máa ń wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà lọ́jọ́ ọjà. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Àkọ́bí wà níléèwé girama, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá kan, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá, tún ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Kí aago méje àárọ̀ tó lù, wọ́n ní láti pọn omi, kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n dáná, kí wọ́n wẹ ọmọ, kí wọ́n wá ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ kan tó sọnù, kí wọ́n di ẹrù ọjà, kí wọ́n sì gbàdúrà. Tó bá wá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, tí omi kànga ti fà sísàlẹ̀, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ omi nìkan ṣe ń jẹ àkókò tó. Láàrin àwọn òkè olókùúta Àkókó wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ọ̀wọ́n omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fún wa.

Àjọ UNICEF kéde ní ọdún 2016 pé bí a bá ṣírò wákàtí tí àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin ń lò láti pọn omi káàkiri ayé, ó tó 200 mílíọ̀nù wákàtí lójoojúmọ́. Ní ọdún kan náà, àjọ yìí tún sọ pé àkókò tí àwọn ọmọbìnrin láti ọmọ ọdún 5 sí 14 ń lò nídìí iṣẹ́ ilé fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lọ. Kì í ṣe Ìkún nìkan nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ìkún la wà, ti ibí la máa dáhùn fún.

Ẹ wá wo Mósè. Jẹ́tírò, bàbá ìyàwó rẹ̀, wá kí i nínú aginjù. Ní ọjọ́ kejì, àlejò yìí rí i tí Mósè jókòó tó ń dá ẹjọ́, tí àwọn ènìyàn sì dúró yí i ká láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. A máa ń sọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ti Jẹ́tírò yàtọ̀. Ó ríran ju onílé lọ, nítorí ìyà yẹn kò tíì mọ́ ọn lára. Ó sọ fún àna rẹ̀ pé ohun tó ń ṣe kò dára, pé àárẹ̀ yóò mú òun àti àwọn ènìyàn náà. Ẹ kíyè sí ohun tí kò sọ. Kò sọ pé Mósè ya ọ̀lẹ. Kò sọ pé kò gbàdúrà tó. Ta ló ń gbàdúrà ju Mósè lọ? Kò sì gbà á nímọ̀ràn pé kó túbọ̀ máa tètè jí. Ó ní kó pín iṣẹ́ náà fún àwọn ènìyàn tó ṣeé fọkàn tán, olórí ẹgbẹ̀rún, olórí ọgọ́rùn-ún, olórí àádọ́ta, títí dé olórí mẹ́wàá, kí ọ̀rọ̀ ńlá nìkan máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ tún wò ó pé Mósè fúnra rẹ̀ kò ráhùn. Nígbà tí Jẹ́tírò bi í léèrè, ṣe ló ń ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, pé ọ̀dọ̀ òun ni àwọn ènìyàn ń wá. Bí ọ̀pọ̀ ìyá ilé ṣe rí nìyẹn. Ẹni tí ẹrù ń pa kì í sábà sọ pé ẹ gbà á lọ́wọ́ òun. "Wọn ò lè ṣe é bí mo ṣe fẹ́." "Kí n tó kọ́ wọn tán, mo ti ṣe é tán." Ẹ̀yin ìyá wa, mo mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Òótọ́ ni pé ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ óò fi fọ abọ́ tí ọmọ máa fi ogún ìṣẹ́jú fọ̀, tí ọ̀rá á sì tún kù sí i. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, ẹ óò máa san án títí ọmọ fi máa kúrò nílé.

Àwọn kan á ní, "Àwọn ìyá wa ṣe é, wọn ò kú." Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ilé ṣe rí nígbà náà. Agbo ilé ni. Ìyálé wà, ìyàwó wà, ìyá ọkọ wà, àwọn ọmọ pọ̀ bí eṣú. Àwọn ìyàwó máa ń gba oúnjẹ ọkọ sè láàrin ara wọn ni. Bí iná ẹnì kan kò bá jó, ti ẹlòmíràn ń jó. (Èmi kò sọ pé ayé yẹn dára tán. Ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé nígbà náà, ẹ bi í bóyá ó rí àyè jókòó.) Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì kàn wá ní Àkókó. Láti 1979, nígbà tí Olóyè Adékúnlé Ajásin, ẹni tí yunifásítì Àkùngbá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé iléèwé girama. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwa tí a lè ka ìwé yìí, èso rẹ̀ ni a jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Ọmọ tó ń gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n, tó ń lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo tí a sá, tó ń wá igi ìdáná, ti wọ kíláàsì lọ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Agbo ilé náà ti túká. Ọkọ, ìyàwó àti ọmọ ló kù. Iṣẹ́ ńkọ́? Iṣẹ́ kò lọ síléèwé. Ó dúró sílé. Kò sẹ́ni tó jókòó pín in. Lórí ìyá ló já lé, níbi tí ìyá kò bá sì ti lè gbé e mọ́, wọ́n á lọ mú ọmọ ẹlòmíràn wá láti ìgbèríko.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù nìyí, ẹ má jẹ́ kí a sá fún un. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 kò gbà kí a fi ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé tàbí agbo ẹbí rẹ̀. Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí ló gbà láàyè, kò sì fẹ́ kí a gbé ẹrù tó lè pa ọmọ lára rù ú. Ẹ óò sọ pé, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹbí ni, èmi ni mò ń tọ́ ọ." Ó dára. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sì má ṣì mí gbọ́: iṣẹ́ ilé dára fún ọmọ. Ọmọ tí kò mọ abọ́ fọ̀ kò ní rọrùn fún ẹni tó máa bá a gbé lọ́la, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa mọ iṣẹ́ tó jẹ́ ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ tó jẹ́ ìfìyàjẹni? Lójú tèmi, iṣẹ́ tó jẹ́ ẹ̀kọ́ máa ń kan ọmọ tiwa náà, ó sì máa ń tán. Bí ọmọkùnrin yín ọdún 12 bá ń wo tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ọmọbìnrin ọdún 10 yẹn ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ sókè lọ sísàlẹ̀, ẹ má pe ìyẹn ní títọ́ ọmọ. Àwọn méjèèjì ló sì ń kẹ́kọ̀ọ́ o. Ọmọbìnrin náà ń kọ́ pé àárẹ̀ òun kò jẹ́ nǹkan kan. Ọmọkùnrin náà ń kọ́ pé a dá ara ẹlòmíràn fún ìrọ̀rùn òun. Ọmọ yẹn ni yóò di ọkọ ẹnì kan. Ó tilẹ̀ lè di pásítọ̀.

A fẹ́ràn láti fi Òwe orí 31 na àwọn obìnrin. Obìnrin yẹn ń jí nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́! Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 15 dé òpin rẹ̀. Ó ní àwọn ìránṣẹ́bìnrin, wọ́n sì ní ìpín tiwọn. Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò sì jẹ àjẹkù. (Ẹsẹ 23, níbi tí ọkọ ti bá àwọn àgbà jókòó lẹ́nubodè, ni àwọn ọkùnrin kan fẹ́ràn jù nínú gbogbo orí náà.)

Ẹ̀yin tó mọ ìtàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì á ti gbọ́ orúkọ Susanna Wesley, ìyá John àti Charles. Ọmọ 19 ló bí, 10 ló yè dàgbà. Ìlú Epworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbé, òṣì kò sì jìnnà sí wọn. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ àlùfáà tilẹ̀ wẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè ní ọdún 1705. Kì í ṣe ọ̀pá obìnrin yìí ni mo fẹ́ kí a kọ́. Ó le mọ́ àwọn ọmọ jù fún mi. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé ó ya ìrọ̀lẹ́ sọ́tọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ láti fi bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Nínú lẹ́tà tó kọ sí John ní 1732, ó ṣàlàyé pé òun kò gbà kí ọmọ òun kankan béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ìránṣẹ́ tó kéré jù nínú ilé láìsọ pé "jọ̀wọ́". Ìránṣẹ́ tó bá sì jẹ́ kí wọ́n fo ọ̀rọ̀ yẹn, ìbáwí ni yóò gbọ́. Ẹ ò rí i bí? Ètò tirẹ̀ kò fi ẹni tó kéré jù sílẹ̀.

Síbẹ̀ ètò náà tú. Ní ọdún 1709 iná jó ilé wọn, wọ́n pín àwọn ọmọ sí ilé onílé. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ti kọ́ ìwà tuntun, ohun tó fi ọdún púpọ̀ kọ́ wọn ti lọ. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń ṣe ètò ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìbà bá mú ọmọ kan, tàbí tí àlejò òkú bá dé láti Èkó, tí gbogbo ẹ̀ dàrú, wọ́n á ní, "Ilé tiwa kò ṣeé tún ṣe." Kò sí ètò tí kì í tú. Ìsinmi iléèwé á tú u, Kérésì á tú u, ìgbà ìkórè kòkó á tú u. Ẹni tó ń pa ètò mọ́ ni ẹni tó tún jókòó lálẹ́ Sunday, tó bi àwọn ará ilé rẹ̀ pé, "Níbo ló ti bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yìí?"

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé kan. Fún ọjọ́ kan péré, ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe nínú ilé àti orúkọ ẹni tó ṣe é, láti ìjí dé ìsùn. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Kí bàbá ilé sì ni ó di bírò mú. Ẹni tó ń kọ ọ́ ló máa rí i. Ẹ má gbàgbé iṣẹ́ kan tí kì í hàn: ìrántí. Ta ló ń rántí pé gáàsì fẹ́ tán? Ta ló mọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ? Ta ló mọ̀ pé bàtà ọmọ kejì ti há? Ọkọ á ní, "O ò sọ fún mi ni, ǹ bá ti ṣe é." Bàbá wa, sísọ yẹn gan-an, iṣẹ́ ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá pín iṣẹ́ fún ẹnì kan, ẹ fún un pẹ̀lú ìrántí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àkọ́bí ọkùnrin ló ni omi, òun ló gbọ́dọ̀ mọ̀ pé dírọ́ọ̀mù ti dé ìdajì, kì í ṣe kí ìyá rẹ̀ pariwo lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Bó bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé fi omi díẹ̀ wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Yóò rántí lọ́la. Bàbá ilé lè fi bárò kó kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ọmọ kékeré máa fi orí rù lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwọn ọkùnrin kan ń bẹ̀rù ohun tí aládùúgbò máa sọ bó bá bá ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọn kò bẹ̀rù ohun tí aládùúgbò náà ń sọ nígbà tí ìyàwó wọn tó lóyún ru omi kọjá.

Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí kò yẹ kí ẹ pín rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ta ló ní dandan ni kí a lọ aṣọ ìwọ̀sùn? Kí ló dé tí a fi ń se ọbẹ̀ méjì nítorí ẹnì kan kò jẹ ewédú? Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí owó ọkọ̀ fò sókè, lílọ sí Ìkàrẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ nítorí ohun tí a gbàgbé ń jẹ owó, ó sì ń jẹ ara. Ẹ lẹ bébà kan mọ́ ògiri ilé ìdáná. Ẹni tó bá lo nǹkan tán ni kó kọ ọ́ síbẹ̀, kì í ṣe ìyá ilé.

Àwa ìjọ náà ní tiwa. A ò lè pe obìnrin kan sí ẹ̀kọ́ Bíbélì, sí ìpàdé àwọn ìyá, sí ìdánrawò akọrin, sí ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì, ká wá dúró lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Sunday ká bá a wí pé kò ráyè fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bí opó ni, tí kò ní ẹni tó máa bá a pín in, ẹ wo Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Nítorí oúnjẹ àwọn opó ni wọ́n ṣe yan ọkùnrin méje tó kún fún Ẹ̀mí. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ! Wọn kò ní kí àwọn opó lọ gbààwẹ̀ sí i.

Lálẹ́ òní, lẹ́yìn oúnjẹ, kí gbogbo ilé jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ọmọ tí ẹ gbà tọ́ náà jókòó pẹ̀lú yín, lórí àga, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má tíì fọwọ́ kan gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú ìwé yẹn. Ẹ mú omi ọ̀la nìkan: ta ni yóò pọn ọ́n, kẹ́ẹ̀gì mélòó, aago mélòó, àti ta ni yóò gbà á ṣe lọ́sẹ̀ tí onítọ̀hún bá ń ṣe ìdánwò. Ti ìdáná lè dúró di ọ̀túnla.